Ọdún Tí Wọ́n Ń Pè Mí Ní Àpà

Ní ilé wa ní Ọ̀wọ̀, àkùkọ kì í jí ẹnikẹ́ni, ohùn Ìyá Àgbà ló ń jí wa. Kí ojúmọ́ tó mọ́ tán, wàá ti gbọ́ ìgbálẹ̀ ní àgbàlá, wàá gbọ́ Bàbá Àgbà tó ń pọ́n àdá lára òkúta ẹ̀bá kànga, wàá sì gbọ́ rédíò bàbá mi tó ń kùn nínú yàrá kó tó rí ibi tó ń wá. Akọ̀wé kánsù ni bàbá mi, kò sì lè wọ ṣòkòtò iṣẹ́ láìgbọ́ ìròyìn. Ìyá mi ńkọ́? Olùkọ́ ni. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé-ìwé kan ní Ìdóànì lọ́dún náà, ọjọ́ Ẹtì nìkan ló ń wálé. Ọwọ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni a wà, èmi àti Bùnmi, ọmọ àbúrò bàbá mi. Bí ariwo òwúrọ̀ bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, Ìyá Àgbà á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, á ní, "Ó yá, ẹ wá jí." A ti lajú tipẹ́ o, àmọ́ lójú tirẹ̀, ẹni tí wọn kò bá tíì kì kò tíì jí. A ó kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì ki oríkì wa kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí pé, "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ilé tí àká kì í gbẹ, ọmọ a-gúnyán-f'álejò." Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Bí ó bá ti dé ibi àlejò yẹn, orí mi á wú, àyà mi á yọ síwájú, bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ilé náà. Mo gbà gbọ́ pé ohun tí wọ́n bá fi kì mí, dandan ni kí n ṣe é, kí ojú sì rí i pé mo ṣe é.

Àká iṣu wa wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Oko Bàbá Àgbà wà lọ́nà Ẹlẹ́gbẹ́ka, ibẹ̀ ni iṣu ti ń wá, àmọ́ kì í fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lóko. Iṣu jíjẹ wà lápá ọ̀tún, wọ́n so ó mọ́ igi lẹ́sẹẹsẹ. Èbù, ìyẹn iṣu kékeré tí a ó gbìn bí òjò bá dé, wà lápá òsì. Nínú kọ̀rọ̀ níbẹ̀, lórí ewé gbígbẹ, iṣu mẹ́sàn-án kan wà tí kò sí irú wọn mọ́ nínú gbogbo àká náà. Imeri ni irú iṣu yẹn ti wá, nílé ìyá Bàbá Àgbà. Ó funfun, bí wọ́n bá gún un kì í ní kókó, ó sì máa ń fà títí dé àtẹ́lẹwọ́. Ikán ló jẹ ebè rẹ̀ lóko lọ́dún tó ṣáájú, mẹ́sàn-án péré ló sì yọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, Bàbá Àgbà á wọlé lọ yẹ̀ wọ́n wò, á yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún ewé sí i. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kàn wọ́n. Èmi náà mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń ka èyí mọ̀ pé mo mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ọmọdé ni, kò gbọ́n.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, a wà ní ọlidé. Bàbá Àgbà wà lóko, bàbá mi wà ní ọ́fíìsì, Ìyá Àgbà ti lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ni àwọn bàbá méjì bá wọlé, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, eruku ọ̀nà ti bo bàtà wọn. Ará Imeri ni wọ́n, ẹbí Bàbá Àgbà lọ́dọ̀ ìyá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bu omi fún wọn, mo ní Bàbá ò ní pẹ́ dé. Ẹ̀gbọ́n nínú wọn ní, "Ọmọ dáadáa ni ọ́, ṣé o ti lè gúnyán?" Háà! Ta ló bi mí ní ìyẹn? Mo ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ẹ máa wò ó." Mo gba àká lọ. Iṣu jíjẹ wà níbẹ̀ o, àmọ́ ìparí ìgbà iṣu ni, ó ti hù, èyí tí a sè níjẹta korò díẹ̀ lẹ́nu. Mo wo kọ̀rọ̀ yẹn. Bùnmi tẹ̀ lé mi, ó rí ibi tí ojú mi lọ, ó ní, "Èbù nìyẹn o!" Mo ní, "Ṣé mo fọ́jú ni?" Ó ní, "Bàbá á pa ọ́." Mo ní, "Àlejò Bàbá ni wọ́n, ṣé iṣu kíkorò ni ká gbé fún wọn?" Mo gbé mẹ́rin. Mo bó o. Mo padà wá gbé márùn-ún tó kù, torí mo fẹ́ kí iyán ga nínú àwo, kí wọ́n sì tún rí iṣu sísè dì lọ sọ́nà. Ìyá Àgbà kì í yé bá mi jà lórí iṣu bíbó, pé bí mo bá bó iṣu, ìdajì rẹ̀ ló ń bá èèpo lọ. Lọ́jọ́ yẹn pàápàá, ọ̀bẹ mi kò ṣọ́ra. Mo gé orí iṣu nù láìwẹ̀yìn, mo da èèpo tó nípọn sínú abọ́ ewúrẹ́. Èmi àti Bùnmi gún iyán náà, a fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó wà nílẹ̀ gbé e. Àwọn bàbá náà jẹun, wọ́n ń mi orí. Àbúrò ní, "Ọmọ yìí, Ọlọ́run á fún ẹ ní ilé ńlá." Inú mi dùn dé ibi tí n kò lè sọ. Ẹ má bínú, bó ṣe rí nìyẹn.

Bàbá Àgbà dé, wọ́n kí ara wọn tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀gbọ́n fọ ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti fi iṣu náà ṣe wá lálejò kí a tó sọ̀rọ̀ rárá. Iṣu yìí gan-an la torí rẹ̀ wá. Tiwa ti run nílé, kò sí ẹyọ kan ní gbogbo Imeri mọ́. A ní ká wá tọrọ èbù díẹ̀ lọ́wọ́ yín."  Bàbá Àgbà wo àwo iyán, ó wo iṣu sísè tí mo ti fi ewé dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó wo mí. Ó dìde, ó lọ sí àká. Nígbà tó padà, ó jókòó pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó di àmọ́dún. Bí ẹ bá padà wá kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ẹ̀ ń gbé èbù lọ." Ó sìn wọ́n dé ojú títì. Kò dójú tì mí níwájú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò dójú ti àwọn náà, torí wọn kò mọ̀ pé gbogbo èbù tó kù ló ti wà nínú ikùn àwọn. Ìgbà tó wọlé padà ló dúró níwájú mi. Mo ti ń retí ẹgba. Ẹgba ì bá sàn. Ó ní, "Àpà." Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Ó wọ yàrá lọ, kò jẹun alẹ́.

Mo ti di ìyá àgbà fúnra mi báyìí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo sì máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pín orúkọ fún ènìyàn lórí rédíò. Ẹni tó kó tìlú jẹ, wọ́n á ní jẹ̀gúdújẹrá. Ẹni tó ń da ìlú rú, ọ̀bàyéjẹ́. Ọmọ tó gbé ilé baba rẹ̀ tà, àkótilétà. Gbogbo wọn ló ní oró, àmọ́ èmi tí wọ́n fi àpà pè rí, mo lè sọ fún yín pé kò sí èyí tó dunni tó o nínú wọn, nítorí àpà kì í jalè. Tirẹ̀ ló ń jẹ. Ó ń jẹ tirẹ̀, ó ń jẹ ti ọmọ rẹ̀ tí kò tíì bí mọ́ ọn, inú rẹ̀ ń dùn, àwọn tó ń bá a jẹ ẹ́ sì ń súre fún un. Bàbá mi ló là á yé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tó dé láti ọ́fíìsì tó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún lẹ́yìn ilé. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìwé Yorùbá ni. Ó ní, "Jókòó, jẹ́ kí n sọ bí àwọn tó ń sọ ìtàn ṣe ń lò ó fún ọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ilé ńlá kan wó nínú ìtàn, wọn kì í fi ogun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ bí àpà kan síbẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ọlọ́yàyà ni, ọwọ́ rẹ̀ là, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ìwọ tó ń gbọ́ ìtàn á fẹ́ràn rẹ̀, wàá máa bá a rẹ́rìn-ín títí àká fi máa ṣófo. Àpà ò mọ̀ pé ohun tó pọ̀ ń tán." Mo ní, "Bàbá, tèmi ò tilẹ̀ pọ̀, mẹ́sàn-án ni." Ó ní, "Ìyẹn ló fi burú jù." Kò rẹ̀ mí lẹ́kún, kò pa irọ́ ìtùnú kankan fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dòní fún ìyẹn. Lónìí, wọ́n ti wá orúkọ tó dùn fún àpà. Wọ́n ní ó ń ṣe fàájì, wọ́n ní ó ń jayé orí ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbádùn. Ó tì o! Bí ọ̀rọ̀ bá ti wà fún nǹkan, ká pè é bó ṣe ń jẹ́.

Àmọ́ ohun tó gún mi lọ́kàn jù ti ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, ó ki Bùnmi tán, mo kúnlẹ̀. Ó wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní, "Dìde, lọ jẹun." Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ ò tíì kì mí." Ó ní, "Bàbá Àgbà yín ní kí n má kì ọ́ títí èbù yẹn á fi padà sí àyè rẹ̀ nínú àká. Ó ní a ò lè máa fi àká kì ẹni tó gbọ́n ọn gbẹ." Mo ní, "Níbo ni n ó ti rí i? Kò sí ní Imeri mọ́!" Ó ní, "Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Ọwọ́ òsì la fi ń bọ́mọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló kàn báyìí." Bùnmi náà ò jẹ́ kí n rímú mí. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, á ní, "Àpà, rọra o, ṣẹ́ díẹ̀ kù fún wa." Bí mo bá da omi sílẹ̀, á ní, "Wò ó, ó tún ti bẹ̀rẹ̀." Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó lù mí padà, kò sì yé. Mo bá sọ fún ara mi pé orúkọ yìí kò ní bá mi dàgbà. Mo máa bọ́ ọ sílẹ̀ ni, bó fẹ́ bó kọ̀.

Èrò náà wá bá mi níbi ewúrẹ́. Mo jókòó lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ yẹn kan náà, mo ń wo ewúrẹ́ Ìyá Àgbà tó ń jẹ èèpo àná, ni mo rí i tó gbé orí iṣu kan sẹ́nu, tí ẹran iṣu funfun nípọn lára rẹ̀ bí ìka méjì. Mo rántí pé bí Bàbá Àgbà bá ń gé èbù lóko, ibi orí ló máa ń sọ pé ó yá hù jù. Mo fò dìde. Mo fa orí iṣu lẹ́nu ewúrẹ́, ewúrẹ́ fà á, mo fà á, ó kàn mí ní orúnkún, n kò sì jẹ́ kó lọ. Ìyá Àgbà yọjú láti ilé ìdáná, ó kígbe pé, "Kí ni ewúrẹ́ ṣe ọ́?" Mo ti da abọ́ dé, mo ti jókòó lé e. Ohun tó kù níbẹ̀ jẹ́ orí iṣu mẹ́fà àti èèpo nínípọn mẹ́tàdínlógún. Gbogbo iṣu tí ọ̀bẹ mi ti bá èèpo ṣòfò láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n ń torí rẹ̀ gbá mi létí, ọjọ́ yẹn nìkan ló ṣe mí lóore. Mo yí wọn nínú eérú bí mo ṣe rí i tí Bàbá Àgbà ń ṣe, mo sá wọn síbòòji fún ọjọ́ méjì. Mo wá tú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, níbi tí kò gbẹ, mo kọ ebè kéékèèké, mo gbìn wọ́n. N kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní kò lè hù.

Ọ̀pọ̀ kò hù lóòótọ́. Adìẹ tú márùn-ún jáde kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, mo bá fi ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún yí gbogbo rẹ̀ ká. Òmíràn jẹrà. Nínú mẹ́tàlélógún, mẹ́jọ ló yọjú, méjì sì kú lẹ́yìn ìyẹn. Mẹ́fà ló kù. Mo ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ kí n tó lọ síléèwé, mo ń tu koríko nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣeré. Nígbà tí ọlidé ńlá dé, ìyá mi ní kí èmi àti Bùnmi tẹ̀ lé òun lọ sí Ìdóànì, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, ó ní àgbàdo tuntun ti dé. Bùnmi ti di ẹrù kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní n kò lọ. Ìyá mi ní, "Nítorí iṣu mẹ́fà?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, màmá mi." Ó wo ojú mi títí, ó fi mí sílẹ̀. Ó dùn mí o, mo sunkún nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ, mo sì fi omijé yẹn lọ tu koríko. Bàbá Àgbà kò pe orúkọ mi láti ọjọ́ iyán yẹn. Bó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, á ní, "Ìwọ." Àmọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí okùn iṣu mi ti ń wọ́ nílẹ̀, mo dé ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀, mo bá ọ̀pá mẹ́fà tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ti fa okùn iṣu gùn ún. Mo mọ àdá tó gé wọn. N kò dúpẹ́. Mo kàn ń jẹ́ kí omi ìwẹ̀ rẹ̀ gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ewé iṣu pọ́n, ó gbẹ. Mo fi ọwọ́ wú wọn, n kò lo ọkọ́, kí n má bàa ṣe wọ́n léṣe. Kékeré ni wọ́n, èyí tó tóbi jù kò ju ìkúùkù bàbá mi lọ. Mọ́kànlá ni. Mo kó wọn sórí ewé gbígbẹ ní kọ̀rọ̀ wọn nínú àká, mo ń retí kí Bàbá Àgbà sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó wọlé lọ, ó yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jáde, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Ìyá Àgbà kò kì mí. Ó ní Bàbá ní kí òun dúró ná. Ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta bẹ́ẹ̀. Inú bí mi. Mo ti ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe, kí ló tún kù?

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, àwọn bàbá Imeri padà wá gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá Àgbà ló gúnyán, iṣu jíjẹ ló sì fi gún un. Bí wọ́n ti jẹun tán, Bàbá Àgbà ní, "Ìwọ, lọ kó èbù wá." Mo kó mọ́kọ̀ọ̀kànlá wá nínú agbọ̀n. Ó ní, "Pín in."  Mo mọ̀ pé bí mo bá fún wọn kéré, ahun ni mí. Bí mo bá sì fún wọn pọ̀ jù, ẹ mọ ohun tí mo jẹ́. Mo fún wọn ní márùn-ún, mo fi mẹ́fà sílẹ̀ fún ilé. Ẹ̀gbọ́n gbé ọ̀kan sókè, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ó kéré, àmọ́ ó mọ́ níní. Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló bá yín tọ́jú èyí?" Bàbá Àgbà nawọ́ sí mi. Ó ní, "Àpà ilé wa ni." Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, iyán ọjọ́sí, èèpo, ewúrẹ́, adìẹ, ó mọ gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan ọlidé Ìdóànì. Àwọn bàbá náà la ẹnu sílẹ̀, wọn kò mọ̀ bóyá kí àwọn rẹ́rìn-ín ni tàbí kí àwọn bẹ̀bẹ̀. Èmi ò gbọ́ ìyókù. Àpà yẹn nìkan ni mo gbọ́. Ọdún kan gbáko, ó sì tún pè mí bẹ́ẹ̀ níwájú àlejò! Omijé ti dé ojú mi, mo yí padà kí n máa lọ.

Ìyá Àgbà ní, "Níbo lò ń lọ? Kúnlẹ̀." Mo kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí níwájú gbogbo wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sókè bíi ti àárọ̀. Ọdún kan ni n kò ti gbọ́ ọ.  Ó kọjá ibi tí mo mọ̀ pé ó máa ń parí sí, kò dákẹ́. Ó ní, "Àpà tó fi èbù ṣàlejò, àpà tó gba èèpo lẹ́nu ewúrẹ́." Mo gbójú sókè, mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ àpà yẹn kúrò. Mo ti dá a padà." Ó ní, "A kì í yọ nǹkan kúrò nínú oríkì, ọmọ mi, fífi kún un la máa ń fi kún un. Kúnlẹ̀ dáadáa, mi ò tíì dé ibi tó dùn." Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, àpà tó jẹ mẹ́sàn-án, tó wú mọ́kànlá, tó ṣẹ́ márùn-ún fún Imeri, tí ilé tún yó." Bàbá Àgbà fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀. Ó ní kí Ìyá Àgbà tún un kì, òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Irọ́ ni, etí rẹ̀ mú ju ti gbogbo wa lọ. Ìyá Àgbà tún un kì látòkè délẹ̀, pẹ̀lú àpà inú rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ gbọ́ ọ tán.